Ibùdó àṣàrò lórí ékà 5 ní ẹ̀gbẹ́ òkè Èkìtì: omi àti ariwo ló tún pulánì yà

Ilẹ̀ ọ̀hún jẹ́ ékà 5, nǹkan bíi hẹ́kítà 2, ní ẹ̀gbẹ́ òkè kan ní Èkìtì. Orí rẹ̀ jẹ́ àpáta, àárín rẹ̀ jẹ́ oko kòkó àtijọ́ tó ti di igbó, ìsàlẹ̀ rẹ̀ já sí àkùrọ̀ kékeré kan tí omi rẹ̀ ń gbẹ bí oṣù kejì bá ti wọlé. Àwọn tó ni ín fẹ́ fi kọ́ ibùdó àṣàrò: àlejò 24 lẹ́ẹ̀kan, òṣìṣẹ́ 6, ọjọ́ 10 láìsọ̀rọ̀ àti láìfọwọ́ kan fóònù. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ jẹnẹrétọ̀, àwọn ò fẹ́ gé igi ju bó ti yẹ lọ, àwọn ò sì fẹ́ kí ìdọ̀tí àwọn máa ṣàn lọ bá àwọn tó ń dá oko ẹ̀fọ́ ní àkùrọ̀.

Pulánì àkọ́kọ́ wu ojú. Gbọ̀ngàn àṣàrò wà lórí àpáta ní òkè pátápátá. Yàrá 24 dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan káàkiri inú igbó. Ilé ìyàgbẹ́ jẹ́ aláìlómi, eérú ni wọn yóò máa dà sí i. Bọ́ọ̀hóòlù kan ṣoṣo ni yóò pèsè omi, àkùrọ̀ ni wọ́n sì fi í sí. Nínú nǹkan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, kò sí ọ̀kan tó kù bẹ́ẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ fi máa parí.

Rírin ilẹ̀

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló yẹ ká rin irú ilẹ̀ báyìí kí ayàwòrán tó fa ìlà kankan: nígbà tí òjò ńlá ń rọ̀ lọ́wọ́, ní aago 5 ìdájí, ní alẹ́ Jímọ̀ títí di ọ̀gànjọ́, àti ní ọjọ́ ọjà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í lọ ju ọ̀sán Sátidé kan lọ. Wọ́n á dúró níbẹ̀ fún wákàtí kan, ẹyẹ á kọrin, wọ́n á sanwó.

Òjò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta kò tàn ká gbogbo ilẹ̀. Ipa méjì péré ló ń gbà, ọ̀kan nínú wọn sì la àárín ibi tí pulánì fi yàrá 7 sí kọjá. Lójú ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé ọ̀nà omi ni, nítorí ewé gbígbẹ ti bo gbogbo rẹ̀.

Alẹ́ Jímọ̀ ló wó gbọ̀ngàn orí àpáta. Ìṣọ́ òru ń lọ ní ìlú, bíi kìlómítà kan sí òkè náà, ẹ̀rọ agbóhùnsókè sì dojú kọ òkè. Lórí àpáta, ìwàásù ń dún ketekete, a lè ka ẹsẹ Bíbélì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ̀kalẹ̀ ní mítà 40 sí ẹ̀yìn èjìká òkè, ìró ìlù nìkan ló kù, òun náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ borí ìró ìrẹ̀. Ibi tí ojú ti ń rí gbogbo ìlú, ibẹ̀ náà ni etí ti ń gbọ́ gbogbo ìlú. Yàtọ̀ sí èyí, àpáta tó ti gba oòrùn láti àárọ̀ kì í tutù kí alẹ́ tó lẹ́, mànàmáná sì máa ń wá ibi gíga. Gbọ̀ngàn sọ̀kalẹ̀ wá sí ẹ̀yìn èjìká òkè. Wọ́n fi orí àpáta sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ lọ wo ìlà-oòrùn ní ìdájí.

Ó dára ká mọ bí ariwo ṣe ń rìn, torí ẹ̀tàn pọ̀ níbẹ̀. Ohun tó ń dún láti ojú kan a máa fi dẹ́síbẹ́lì (ìwọ̀n ariwo) 6 rẹlẹ̀ nígbàkígbà tí ìjìnnà bá di ìlọ́po méjì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń dún ní 68 bí a bá dúró ní mítà 7 sí i yóò jẹ́ 62 ní mítà 14, 56 ní mítà 28, 50 ní mítà 56, 44 ní mítà 112. Òru ìgbèríko tó dákẹ́ lè má ju 30 sí 35 lọ. Ilẹ̀ ékà 5 kò sì fẹ̀ ju bíi mítà 140 ní ìbú àti ní òró. Ìyẹn ni pé kò sí igun kankan lórí ilẹ̀ yìí tí a lè gbé jẹnẹrétọ̀ sí tí ẹni tó ń ṣàṣàrò kò ní gbọ́ ọ. Àwọn kan ní kí wọ́n gbin igi dí i. Igi kì í dí ariwo bí a ti rò: igbó kíki tó nípọn tó mítà 30 ló ń gba nǹkan bíi dẹ́síbẹ́lì 5. Òkìtì ilẹ̀ tó bá dí ojú mọ́ ibi tí ariwo ti ń wá lè gba iye kan náà, kò sì ní ju mítà díẹ̀ lọ ní ìbú.

Ohun mìíràn tí ẹsẹ̀ rí ni ọ̀nà àwọn àgbẹ̀ tó gba inú ilẹ̀ náà lọ sí àkùrọ̀. Kò sí lórí ìwé sọ̀fíyọ̀. Bí a bá mọ odi dí i, wọn yóò gba ibòmíràn kọjá, odi yóò sì máa wó. Wọ́n yí ọ̀nà náà lọ sí ẹ̀bá ààlà, wọ́n fún un ní mítà 3 ní ìbú, wọ́n sì gbẹ́ gọ́tà sí i kó lè dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn àgbẹ̀ gbà á láìjiyàn. Bákan náà, ó yẹ ká bá baálẹ̀ àti àwọn ọdẹ sọ̀rọ̀ kí a tó fi ọjọ́ ìpàdé síta: ṣé ojúbọ wà nínú igbó yẹn, nígbà wo ni Orò ń jáde, nígbà wo ni àwọn ọdẹ ń fi iná sun igbó? Ẹni tó bá pe obìnrin 12 wá fún ọjọ́ 10 tí ọjọ́ Orò wá bọ́ sí àárín rẹ̀ kò bi ẹni tó yẹ kó bi. Ti ìwé ilẹ̀, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 ló ń darí rẹ̀: ìwé sọ̀fíyọ̀, ìbuwọ́lù olórí ẹbí àti àwọn ọmọ ẹbí tó ṣe kókó, àti ìgbàṣẹ ìjọba ìpínlẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ pé kí bíríkì tó jókòó.

Omi

Ẹnì kan ní ojúmọ́ kan: mímu àti sísè lítà 8, wíwẹ̀ 20, ọwọ́ àti abọ́ 7, ilé ìyàgbẹ́ 12, aṣọ 3. Àpapọ̀ jẹ́ 50. Ènìyàn 30 yóò lo lítà 1,500 lójúmọ́. Ìpàdé ọjọ́ 10 kì í ṣe ọjọ́ 10, nítorí àlejò ń dé ní ọjọ́ kan ṣáájú, wọ́n sì ń lọ ní ọjọ́ kejì ìparí. Ọjọ́ 12 ni, ìyẹn lítà 18,000. Nọ́ńbà yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, a ó sì tún padà bá a.

Ibo ni yóò ti wá? Bọ́ọ̀hóòlù ló kọ́kọ́ wá sí gbogbo ènìyàn lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Èkìtì jẹ́ orí àpáta líle. Omi inú rẹ̀ kò sí níbi gbogbo, inú ilẹ̀ tó ti rà lórí àpáta àti inú ìlà tó sán ló ń pamọ́ sí. Ẹni tó bá gbẹ́ láìpe àwọn tó ń fi ẹ̀rọ yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò ń ta tẹ́tẹ́ ni. Èyí tí pulánì fi sí àkùrọ̀ tún burú jù: ibẹ̀ ló rẹlẹ̀ jù, ìsàlẹ̀ gbogbo ilé ìyàgbẹ́ ni, omi òjò sì ń bò ó. Wọ́n gbé e lọ sí apá ìlà-oòrùn ilẹ̀, níbi tí àyẹ̀wò ti fi ìlà sísán hàn, lókè gbogbo ihò ìgbẹ́, ó sì jìnnà sí èyí tó sún mọ́ ọn jù ju mítà 30 lọ. Ìrànlọ́wọ́ lásán ni wọ́n sì sọ ọ́ dà.

Orísun gangan ni òrùlé. Mìlímítà òjò 1 lórí mítà onígun mẹ́rin 1 jẹ́ lítà 1. Ìṣirò yìí kò nílò ẹ̀rọ. Òrùlé gbọ̀ngàn pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i ká jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 161, ti ilé ìdáná àti ilé ìjẹun jẹ́ 120. Bí a bá fi òjò ọdún kan sí 1,300 mìlímítà, tí a sì yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún fún èyí tó ta síta àti èyí tí oòrùn gbà, àwọn òrùlé méjèèjì yóò mú lítà 292,240 wá. Ìpàdé 12 lọ́dún jẹ́ ọjọ́ 144, lítà 216,000. Òṣìṣẹ́ 4 tó ń gbé ibẹ̀ ní àwọn ọjọ́ 221 tó kù yóò lo 44,200. Àpapọ̀ jẹ́ 260,200. Òjò tó, ó tilẹ̀ ṣẹ́kù.

Ohun tí kò tó ni ibi tí a ó pa á mọ́ sí. Láti àárín oṣù kọkànlá dé àárín oṣù kẹta, ká fi sí ọjọ́ 120, òjò tó lè kún ìkòkò kò dájú. Bí a bá fẹ́ ṣe ìpàdé mẹ́rin ní ẹ̀ẹ̀rùn, táǹkì gbọ́dọ̀ gbà ju lítà 86,000 lọ. Bí ó bá jẹ́ méjì péré, kí a sì ti ilẹ̀kùn ní oṣù kìíní àti ìkejì, 36,000 fún ìpàdé àti 19,200 fún àwọn òṣìṣẹ́ ni, lítà 55,200. Wọ́n yan èyí kejì. Kò dùn mọ́ ẹni tó ń ṣírò owó àlejò nínú, ṣùgbọ́n oṣù méjèèjì yẹn náà ni ọyẹ́ ń gbẹ imú, tí iná igbó sì ń jó. Táǹkì náà jẹ́ kọnkéré onírin tí a rì sínú ilẹ̀ ní ìsàlẹ̀ gbọ̀ngàn: mítà 6 ní gígùn, 5 ní ìbú, 2 ní jíjìn, lítà 60,000. Nítorí pé ilẹ̀ ń fi mítà 12 rẹlẹ̀ nínú mítà 100, ilé àlejò tó wà nísàlẹ̀ ń gba omi láìsí ẹ̀rọ kankan. Ìsàlẹ̀ táǹkì fi mítà 5 ga ju ẹnu ẹ̀rọ tó ga jù lọ. Agbára rẹ̀ tó láti kún garawa, kò tó fún ṣáwà, a kò sì fi ṣáwà síbẹ̀. Garawa kan mọ ìwọ̀n ara rẹ̀.

Omi àkọ́kọ́ tó bá fọ òrùlé kò gbọdọ̀ wọ táǹkì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí pọ́lọ́ńbà fi ọ̀pá páìpù onínṣì 4 kan tó gùn ní mítà 1 dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kó sọ pé òun ti ṣe é. Mítà 1 páìpù yẹn kò gbà ju bíi lítà 8 lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, mìlímítà 1 lórí òrùlé 161 jẹ́ lítà 161. Dúrọ́ọ̀mù onílítà 200 ni wọ́n lò, pẹ̀lú ihò kékeré ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó ń jẹ́ kó sófo fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Lẹ́yìn ọyẹ́, òjò méjì àkọ́kọ́ pátá ni wọ́n ń dà sẹ́yìn. Gọ́tà náà ní ìṣirò tirẹ̀: òjò líle lè dà ní ìwọ̀n 100 mìlímítà ní wákàtí kan, ìyẹn bíi lítà 4 ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan lórí òrùlé gbọ̀ngàn. Páìpù onínṣì 4 méjì ló ń gbé e sọ̀kalẹ̀. Ẹyọ kan onínṣì 3 yóò kún, omi á sì máa dà lé ìpìlẹ̀ ilé.

Ìkòtò tó tẹ̀ lé ìlà ilẹ̀ ló ń gba omi tó bá kún táǹkì àti èyí tó ń já bọ́ láti orí àpáta. Igi méjì tó gùn ní mítà 2, tí a so lórí bíi àkàbà, ọ̀pá kan ní àárín, okùn àti òkúta tó rọ̀ sílẹ̀: ohun èlò yìí tó láti wá ojú ibi tí ilẹ̀ bá ara rẹ̀ dọ́gba. Ìkòtò jìn ní sẹ̀ńtímítà 40, ó fẹ̀ ní 60, erùpẹ̀ rẹ̀ wà ní apá ìsàlẹ̀, koríko vetiver sì wà lórí erùpẹ̀ náà ní sẹ̀ńtímítà 15 síra wọn. Bí a bá gbin vetiver ní sẹ̀ńtímítà 30 nítorí àti fi owó pamọ́, omi yóò rí àyè gbà láàárín wọn, yóò sì gé òkìtì náà.

Ibi tí atẹ́gùn ti ń wá

Kúkúrú ni èyí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ yóò rántí ní ojoojúmọ́. Ní àkókò òjò, gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ní ọyẹ́, àríwá ìlà-oòrùn. Ilé ìdáná àti ilé ìyàgbẹ́ kò gbọdọ̀ sí ní ọ̀kankan nínú ìhà méjèèjì yìí sí gbọ̀ngàn. Gúúsù ìlà-oòrùn ni wọ́n gbé ilé ìdáná sí. Àlùbọ́sà tí a ń dín ní aago 10 kì í jẹ́ kí ẹni tí kò tíì jẹun ṣàṣàrò.

Ilé àlejò àti ilé ìyàgbẹ́

Yàrá 24 tó dá dúró dà bíi ìbọ̀wọ̀ fún igbó. Ìṣirò sọ nǹkan mìíràn. Nítorí ejò, koríko gbọ́dọ̀ wà ní gígé mítà 5 yí ilé ká. Yàrá kan pẹ̀lú àyíká rẹ̀ yóò gba mítà onígun mẹ́rin 172. Ìlọ́po 24 rẹ̀ ju 4,100 lọ, ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ilẹ̀. Ilé mẹ́rin tó ní yàrá 6 lọ́kọ̀ọ̀kan kò gbà ju bíi 1,400 lọ, páìpù kúrú, igi tó wà ní ìdúró sì pọ̀. Kí wọ́n tó gé ohunkóhun, wọ́n fi ọ̀dà funfun sàmì sí gbogbo igi tó nípọn ju itan àgbàlagbà lọ, ìrókò, àfàrà àti arère, wọ́n sì yí ilé sí àárín wọn. Kòkó àtijọ́ nìkan ló lọ.

Ilé ìyàgbẹ́ eérú ni èrò tó dára jù tó sì kọ́kọ́ kùnà. Kò sí ohun tó burú nínú ọgbọ́n rẹ̀: ìgbẹ́ gbígbẹ a di ajílẹ̀, kò sì lo omi. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń bọ̀ jẹ́ ènìyàn tó ń fi omi ṣan ara wọn lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, Mùsùlùmí àti ọ̀pọ̀ tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Ìgbẹ́ tí omi bá ti wọ̀ yóò rùn, ìdin yóò gba inú rẹ̀, eérú á sì di ẹrẹ̀. Àkọlé tó ní "Ẹ má lo omi" kò yí àṣà ẹnikẹ́ni padà. Wọ́n pa á tì, wọ́n sì mú ihò méjì tí a ń fi lítà 2 sí 3 ṣàn, èyí tí oríta rẹ̀ ń darí omi sí ihò kan lẹ́ẹ̀kan.

Ihò kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mítà 1, jíjìn rẹ̀ tó wúlò jẹ́ mítà 1.2, bíi lítà 940. Ènìyàn 6, ní ìwọ̀n lítà 50 ohun tó ń ṣẹ́kù fún ẹnì kan lọ́dún, tí wọn kò sì lò ó ju ọjọ́ 144 lọ, kò ní kó ju bíi lítà 118 lọ́dún. Yóò ju ọdún 5 lọ kó tó kún. Nígbà náà a yí oríta sí ìkejì, a sì fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún ọdún 2 ó kéré tán kí a tó kó o lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti igi eléso, kò gbọdọ̀ dé ìdí ẹ̀fọ́. Ìsàlẹ̀ ihò gbọ́dọ̀ fi mítà 1.5 ó kéré tán ga ju ibi tí omi inú ilẹ̀ ń dé ní oṣù kẹsàn-án. Oṣù kejì ni ọ̀pọ̀ ń wọ̀n ọ́n, ìyẹn sì ń tàn wọ́n jẹ.

Iye ilé ìyàgbẹ́ náà ní àṣírí. Ìwé ìlànà lè ní kí ènìyàn 6 máa lo ọ̀kan. Níbi tí agogo ti ń lù ní aago 4:30 ìdájí tí gbogbo ènìyàn sì gbọ́dọ̀ wà nínú gbọ̀ngàn ní aago 5, ènìyàn 6 lórí ọ̀kan jẹ́ ìlà gígùn nínú òkùnkùn. Méjì ni ilé kọ̀ọ̀kan ní, balùwẹ̀ méjì bákan náà. Omi balùwẹ̀ ń lọ sí kòtò tó fẹ̀ ní mítà 2 tí a kó igi jíjẹrà àti ewé kún, tí a gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti kókò yí ká. Ti ilé ìdáná kọ́kọ́ ń gba àpótí tó ń dá ọ̀rá dúró. Ẹni tí kò bá ń kó ọ̀rá náà ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì yóò rí kòtò tó kọ̀ láti mu omi mọ́.

Ògiri

Bíríkì ilẹ̀ pupa tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ ni wọ́n lò, 290 mìlímítà ní gígùn, 140 ní ìbú, 100 ní gíga. Wọ́n kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀ wò nínú ìgò: kí erùpẹ̀ gba ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò, kí a da omi àti iyọ̀ díẹ̀ sí i, kí a mì í, kí a fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Yanrìn á jókòó nísàlẹ̀, amọ̀ lókè. Amọ̀ tó bá ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ yóò sán bó bá gbẹ. Ti ilẹ̀ yìí ga díẹ̀, wọ́n sì fi yanrìn kún un. Omi inú rẹ̀ ni a ń fi ìkúùkù wò: kí a dì í ní ọwọ́, kí a jù ú sílẹ̀ láti ìwọ̀n àyà. Bó bá fọ́ sí mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó dára. Bó bá tú ká bíi gaàrí, ó gbẹ jù. Bó bá lẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi ẹ̀bà, ó tutù jù.

Ilé yàrá 6 kan gba bíríkì bíi 4,000, pẹ̀lú èyí tó máa fọ́. Ní ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún sìmẹ́ńtì, àpò kan ń ṣe bíi 110, àpò 36 fún ilé kan. Níbí ni kí ẹni tó ń polówó ilé amọ̀ ti sọ òótọ́: ògiri kan náà tí a bá fi búlọ́ọ̀kù onínṣì 6 kọ́ yóò gba bíi búlọ́ọ̀kù 1,270, tí àpò kan bá sì ṣe 35, àpò 36 náà ni. Kò sí èrè sìmẹ́ńtì nínú bíríkì fúnra rẹ̀. Èrè wà nínú pé a kò rẹ́ ògiri rẹ̀, èyí tí ìbá jẹ bíi àpò 19 mìíràn, pé a kò ra yanrìn odò lọ́kọ̀ lọ́kọ̀, àti pé inú yàrá ń tutù lọ́sàn-án. Èrè yìí náà sì ń sọnù bí bíríkìlà tó ti mọ́ búlọ́ọ̀kù lára bá ń fi àpòrọ́ tó nípọn tó mìlímítà 25 sáàárín bíríkì; 10 ló tó. Ní ilé àkọ́kọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Láti ilé kejì, pákó pẹlẹbẹ tó nípọn ní mìlímítà 10 ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.

Ọ̀rá náílọ́ọ̀nù bo bíríkì fún ọjọ́ 7, a sì ń wọ́n omi sí i. Ọjọ́ 28 ló pé kó tó gbé òrùlé. Ìpìlẹ̀ yangí ga ní sẹ̀ńtímítà 45 lókè ilẹ̀, kí òjò tó ń ta padà má bàa jẹ ìdí ògiri. Páánù yọ jáde ní 90. Kò sí igi kankan tó fara kan ilẹ̀, nítorí ikán kì í bèèrè orúkọ igi.

Gbọ̀ngàn

Mítà 9 sí 8, fún ènìyàn 24 àti olùkọ́: mítà onígun mẹ́rin 2 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyókù fún ọ̀nà àárín àti àga 6 fún àwọn àgbà tí orúnkún wọn kò gba ẹní mọ́. Ògiri gígùn dojú kọ àríwá àti gúúsù, kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má bàa wọlé tààrà.

Fèrèsé ni ọ̀pọ̀ ń ṣe bíi ti ọ́fíìsì, kí ó bẹ̀rẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 90. Ẹni tó jókòó sílẹ̀, imú rẹ̀ kò ga ju bíi 70 lọ. Atẹ́gùn yóò máa kọjá lókè orí rẹ̀, òun á sì máa làágùn. Sẹ̀ńtímítà 30 ni ti gbọ̀ngàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ń dín atẹ́gùn kù púpọ̀, nítorí náà ojú fèrèsé fẹ̀ ju bí ìbá ti rí láìsí nẹ́ẹ̀tì.

Wọ́n bá òrùlé jìjàkadì. Ní ayé àtijọ́ ewé gbòdògì ni ìbá bò ó, òjò kì bá sì pariwo. Ṣùgbọ́n ewé ń rà láàárín ọdún díẹ̀, iná ń mú un, omi tó sì ń ti orí rẹ̀ bọ̀ kì í ṣe omi mímu. Nítorí omi, páánù aluminíọ̀mù ni, mìlímítà 0.55. Páánù bẹ́ẹ̀ lábẹ́ òjò oṣù kẹfà kò jẹ́ kí a gbọ́ ohùn olùkọ́. Ẹní ọparun ni wọ́n ta sí òkè àjà, pákó plywood ní abẹ́ rẹ̀, fọ́nrán èèpo àgbọn tó nípọn ní sẹ̀ńtímítà 5 sì wà láàárín. Òjò ṣì ń dún, ṣùgbọ́n bíi òjò tó ń rọ̀ ní ilé aládùúgbò.

Iná

Gílóòbù 40 oníwáàtì 5 fún wákàtí 4, fáànù 6, fíríísà kan, ẹ̀rọ bọ́ọ̀hóòlù fún wákàtí kan, ọ́fíìsì: gbogbo rẹ̀ bíi wáàtì-wákàtí 4,100 lójúmọ́. Oṣù kẹjọ ni kí a fi ṣírò, nígbà tí kùrukùru ń bo oòrùn tí a kò sì lè gbójú lé ju wákàtí 3 ààbọ̀ oòrùn kíkún lọ. Ẹni tó fi oṣù kejìlá ṣírò yóò ra jẹnẹrétọ̀ kó tó dọdún. Páànẹ́ẹ̀lì oòrùn 4 oníwáàtì 450, bátìrì lithium kìlówáàtì-wákàtí 5, ìnfátà 3 kVA nítorí ẹ̀rọ omi tó ń fa ìlọ́po mẹ́ta agbára rẹ̀ nígbà tó bá ń gbéra. Orí ilé ìdáná ni wọ́n kàn án mọ́, níbi tí òjìji igi kò dé, a sì ń fọ eruku ọyẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Iná aláwọ̀ ọsàn, tó kọjú sílẹ̀, ni wọ́n fi sí ọ̀nà. Kì í pe kòkòrò bíi ti iná funfun.

Ọdún àkọ́kọ́

Ọ̀nà ẹsẹ̀ láti ilé àlejò sí gbọ̀ngàn ló kọ́kọ́ bàjẹ́. Wọ́n fà á ní tààrà gun òkè, òjò kejì sì sọ ọ́ di odò. Wọ́n tún un fà kó máa yà sọ́tùn-ún yà sósì, kí ìga rẹ̀ má ju mítà 8 nínú 100 lọ, pẹ̀lú òkúta tó dábùú rẹ̀ ní mítà 6-6 láti yí omi sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọparun ọ̀dẹ̀dẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í da lẹ́búlẹ́bú ní oṣù kẹrin. Wọ́n ti gé e ní àkókò òjò, nígbà tí ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀, wọn kò sì rẹ ẹ́. Èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ jẹ́ ọlọ́dún 3 sí 5, tí a gé ní ẹ̀ẹ̀rùn, tí a fi irin gún ojú ìsopọ̀ rẹ̀ láti inú, tí a sì rẹ fún ọjọ́ 10 nínú omi lítà 1,000 tí a fi kílò 30 borax àti kílò 20 boric acid, oògùn tó ń lé kòkòrò igi, sí. Òjò ń fọ oògùn náà kúrò, nítorí náà kò sí èyí tó wà lójú òjò mọ́.

Ọ̀nà iná yí ilẹ̀ ká, mítà 6 ní ìbú, pẹ́ kí wọ́n tó ṣán an. Ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù kejìlá ni, iná ọdẹ sì ti dé ààlà. Ìparí oṣù kọkànlá ni wọ́n ń ṣán an báyìí.

Táǹkì kò jò. Ọ̀pá kan dúró nínú rẹ̀, tí a fi ọ̀dà sàmì sí ní sẹ̀ńtímítà kọ̀ọ̀kan. Sẹ̀ńtímítà kan jẹ́ lítà 300. Àmì pupa wà ní 60, ìyẹn lítà 18,000. Ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìpàdé kọ̀ọ̀kan, olùtọ́jú ibùdó ń ṣí ìdérí, ó ń ka ọ̀pá náà, ó ń kọ ọ́ sí ìwé. Bí omi bá wà lábẹ́ àmì pupa tí òjò kò sì ṣú, wọ́n ń tẹ àwọn àlejò láago pé kí wọ́n má tíì bọ̀.